Bí Ọ̀kadà Kò Bá Mu Epo Mọ́, Kí Ni Màámi Yóò Máa Tà?

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ LAUTECH, inú púlọ́ọ̀gì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ríìngì ni owó ilé ẹ̀kọ́ mi ti ń jáde. Màámi ń ta páàtì ọ̀kadà ní Ìkòyí-Ilé, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́tàdínlógún báyìí. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ má baà rò pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn ló ń sọ̀rọ̀. Nínú kíláàsì wa (nípa ẹ́ńjìnnì ni mò ń kọ́), bí olùkọ́ bá ti dárúkọ ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná, ńṣe ni ojú gbogbo wa máa ń dán. Kò ní èéfín, kò ní ariwo, kò sí pé à ń tò fún epo. Èmi náà a máa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rántí pé epo yẹn, èéfín yẹn àti ariwo yẹn ló ń san owó yàrá tí mò ń gbé ní Under-G.

Ní ìsinmi tó kọjá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí màámi wà fọwọ́ sí owó tó fẹ́ yá. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá owó yìí. Ohun tó fẹ́ fi ṣe ni pé kó gba ṣọ́ọ̀bù kejì ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó kó páàtì ẹ́ńjìnnì kún inú rẹ̀, kí àbúrò mi ọkùnrin sì máa jókòó tì í tó bá ti parí ìwé mẹ́wàá. Àṣé ó ti gbọ́ nǹkan lórí rédíò. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bí a ṣe ń ka owó ọjà, ó bi mí pé:

"Àjàní, ìwọ tó o lọ kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ní ọ̀kadà kan ti dé tí kì í mu epo rárá?"

"Òótọ́ ni, màámi. Wọ́n ti ń gùn ún ní Kùtọnu àti Lomé. Ó ti wọ Ìpínlẹ̀ Ògùn náà."

"Tí kò bá mu epo, ṣé á máa mu ọ́ìlì?"

"Rárá o, màámi. Kò sí ẹ́ńjìnnì nínú ẹ̀ tí ẹ máa da ọ́ìlì sí."

Ó dákẹ́. Ó ká owó náà pọ̀, ó fi rọ́bà dè é. "Ṣé kí n wá gba owó ẹgbẹ́ yìí ni, àbí kí n fi sílẹ̀?"

Mi ò rí èsì fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí mo ti ń rò láti ìgbà yẹn ni mò ń kọ síbí, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni ọmọ oníṣòwò páàtì láàárín wa.

Ẹni tí kò bá ta páàtì rí á rò pé inú ohun ńlá ni èrè wà: odidi ẹ́ńjìnnì, férémù, táǹkì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Odidi ẹ́ńjìnnì lè wà nílẹ̀ fún ọdún kan kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Ọ́ìlì ló gbé ṣọ́ọ̀bù màámi ró. Ọlọ́kadà tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ nínú eruku máa ń yí ọ́ìlì lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tàbí lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Bó bá wá ra ọ́ìlì, á rántí pé púlọ́ọ̀gì òun ti ń dúdú, á ra ìyẹn pẹ̀lú. Mẹkáníìkì á tú kàbúrétọ̀, á ní gásíkẹ́ẹ̀tì ti ya. Nígbà tó bá yá, ọ̀kadà á bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ríìngì nìyẹn. Lẹ́yìn ríìngì, ó di písítìnì àti búlọ́ọ̀kù. Láàárín gbogbo ìyẹn, okùn kílọ́ọ̀ṣì á já, pélétì kílọ́ọ̀ṣì á jó. Owó kékeré-kékeré ni, ṣùgbọ́n kì í dáwọ́ dúró. Iná tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, tó ń jẹ irin díẹ̀díẹ̀, òun gan-an ni oníbàárà màámi. Ọlọ́kadà kàn ń bá a gbé owó wá ni.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe màámi nìkan ló ń jẹun lára iná yìí. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó wà lábẹ́ igi níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń jẹ níbẹ̀, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin tí wọ́n ń dúró de ọjọ́ fìríìdọ́ọ̀mù wọn. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fẹ inú búlọ́ọ̀kù ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń jẹ níbẹ̀. Awakọ̀ tó ń bá a gbé ọjà bọ̀ láti Gate ní Ìbàdàn ń jẹ níbẹ̀. Kódà ọmọdé tó ń ṣa irin jíjẹ lórí àkìtàn, písítìnì tó ti kú ló ń wá.

Mo mú ìwé tí màámi ń kọ ọjà àti àwìn sí, mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tó jẹ́ pé torí iná inú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ṣe ń rà á. Kí n tó ka ojú ìwé kẹta tán, pupa ti gba gbogbo rẹ̀. Mo ṣírò owó tó wà níbẹ̀ fún oṣù kan, ó lé ní ìdajì dáadáa. Màámi ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́, ó ní ṣé mò ń máàkì ìdánwò òun ni.

Ọ̀kadà oníná kò ní gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn. Bátìrì ló ń fi iná ránṣẹ́ sí wáyà bàbà tí wọ́n wé sínú ẹ̀rọ kékeré kan; agbára òòfà á yí ẹ̀rọ náà, táyà á yí. Ó parí. Kò sí púlọ́ọ̀gì, kò sí kàbúrétọ̀, kò sí kílọ́ọ̀ṣì. Nínú àwọn mìíràn, àárín táyà ẹ̀yìn gan-an ni ẹ̀rọ náà wà, nítorí náà wọn ò tilẹ̀ ní ṣéènì.

Ohun tó kù kò kéré ṣá. Táyà, túùbù, sípóòkù, bíárìn, ṣọ́ọ̀kì, míró, iná iwájú, ìjókòó: gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀. Kòtò tó wà lójú ọ̀nà oko wa kò ní bèèrè bóyá epo ló gbé ọ̀kadà wá tàbí bátìrì. Bátìrì sì wúwo. Ohun tó bá wúwo a máa jẹ táyà. Bíréèkì nìkan ló lè pẹ́ sí i, torí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná, ẹ̀rọ náà máa ń bá bíréèkì dín eré kù, á sì dá díẹ̀ nínú agbára náà padà sínú bátìrì. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún màámi pé iṣẹ́ rẹ̀ ti tán pátápátá, irọ́ ló pa. (Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀: Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop sì dá iṣẹ́ dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Táyà tí yóò kó màámi yọ, òkèèrè ló ti ń wọlé.)

Bó bá jẹ́ pé kí ọjà yí padà lásán ni, ẹ̀rù kì bá tí bà mí. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà kan, Suzuki àti Honda ló wà nílẹ̀. Jincheng dé láti Ṣáínà, ó lé wọn lọ. Bajaj àti TVS dé láti Íńdíà, wọ́n lé Jincheng náà lọ. Nígbà kọ̀ọ̀kan, àwọn oníṣòwò máa ń jẹ gbèsè ọjà tó kú sí wọn lọ́wọ́. Títí di òní olónìí, páálí písítìnì Jincheng kan wà lókè àjà màámi tí eku ti fi ṣe ilé. Ṣùgbọ́n ọjà náà kò kúrò lójú kan. Ẹni tó ń ta písítìnì Jincheng lánàá ló ń ta ti Bajaj lónìí.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ló lè wo písítìnì kó sì ṣe irú rẹ̀. Àwọn ará Nnewi mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Láti bí ọdún 1970 sí 1980 ni àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ti ń gbé àpẹẹrẹ páàtì lọ sí Taiwan, tí wọ́n á ní kí wọ́n bá àwọn ṣe irú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn sí i lára. Nígbà tó yá, àwọn kan padà wálé wá dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé Cutix, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nnewi ní 1982, wáyà ló ń ṣe; wáyà kò sì ní kú nígbà tí ọkọ̀ oníná bá dé, ńṣe ni yóò tún níyì sí i.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni bátìrì. Òun ló wọ́n jù lára ọ̀kadà oníná, ní ọ̀pọ̀ ibi, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń gùn ún. Ẹ wo Spiro, tó bẹ̀rẹ̀ ní Benin àti Togo ní 2022. Bí bátìrì ọlọ́kadà bá ti ń tán lọ, á yà sí ibùdó wọn, á fi èyí tó tán sílẹ̀, á gbé èyí tó kún, á sanwó, á sì máa lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Fún ẹni tó ń gùn ún, ọgbọ́n gidi ni: kò ní dúró de wákàtí mélòó kan kí bátìrì tó kún, kò sì ní sunkún ọjọ́ tí bátìrì bá kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó náà. Owó epo, owó ọ́ìlì, owó púlọ́ọ̀gì, gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan ṣoṣo, ó sì gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé. Ọ̀nà yẹn kò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù màámi kọjá.

Àwa gan-an la ti àwọn ará Benin sínú rẹ̀, ká sòótọ́. Epo Nàìjíríà tí wọ́n ń fà gba ẹnu ibodè, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo, ni ọ̀pọ̀ zémijàn ń lò níbẹ̀, torí ó pọ́kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo tí kò tó ₦200 lé ní ₦500 níbí, ó di ₦617 ní oṣù keje, ó sì kọjá ₦1,000 kí 2024 tó parí. Kpayo náà gbówó lórí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní LAUTECH, ọmọ Kétu ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń gun zémijàn ní Kùtọnu. Ó ti kúrò lórí epo. Mo ní kó bá mi bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léèrè ohun tó ti rà lọ́wọ́ oníṣòwò páàtì láti oṣù mẹ́fà. Èsì tó padà wá: túùbù kan, míró kan, àti ìgbà kan tó pààrọ̀ bíréèkì. Ó ní owó tó ń mú lọ sílé ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò lè bínú sí i. Mo ka ohun tó rà sétí màámi, ó ní, "Ìyẹn ò tó owó iyọ̀."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwa nìkan. Ní Jámánì, ilé iṣẹ́ ZF, tó lókìkí fún jíà ọkọ̀, kéde ní oṣù keje 2024 pé àwọn lè dín tó 14,000 ènìyàn kù ní orílẹ̀-èdè náà kí 2028 tó parí. Jíà púpọ̀ kò sí nínú ọkọ̀ oníná, ẹ̀yin náà ti rí i. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n fi ọdún mẹ́rin sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì wà tó lè bá ọ̀gá dúnàádúrà. Màámi ní rédíò.

Àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò, bí àwọn tó wà ní Gate ní Ìbàdàn àti Ládípò ní Èkó, ẹjọ́ tiwọn tún gba ibòmíràn wá. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà, inú mọ́tò tí àwọn òyìnbó ti lò tì ni wọ́n ti ń tú u. Ní Norway ní 2024, nínú mọ́tò tuntun mẹ́wàá tí wọ́n tà, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ oníná. Ohun tí wọ́n rà lónìí ni yóò di tòkunbọ̀ lọ́la. Ní tèmi, páàtì ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ á kọ́kọ́ pọ̀ bí omi, nígbà tí wọ́n bá ń da mọ́tò elépo wọn nù. Á pọ́kú, inú àwọn ará Ládípò á dùn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìjọba Áfíríkà kan kò lè gbé irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀: Ethiopia kéde ní oṣù kìn-ín-ní 2024 pé mọ́tò elépo kò gbọ́dọ̀ wọ orílẹ̀-èdè àwọn mọ́. Owó dọ́là tí wọ́n fi ń ra epo ń ni wọ́n lára, iná mànàmáná tó ń wá láti ara omi sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ìgbà wo ni yóò wá kan Ìkòyí-Ilé? Ibí yìí ni mo ti ronú jù, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ wà.

Mo kọ́kọ́ wo iye owó. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan, gbogbo wa sì pariwo. Síbẹ̀, ọ̀kadà oníná kò ní lò ju bíi yúníìtì mẹ́rin lọ fún kìlómítà 100. Ìyẹn kò ju ₦900 lọ. Ọ̀kadà elépo á mu nǹkan bíi lítà méjì kó tó rin ọ̀nà kan náà. Bí lítà bá jẹ́ ₦1,000, ₦2,000 nìyẹn, a ò tíì ka ọ́ìlì. Ilé iṣẹ́ tó ni bátìrì á fi èrè tirẹ̀ lé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyè wà níbẹ̀ fún èrè. Ẹni tó bá ń retí pé owó iná ni yóò dá ọ̀kadà yìí dúró, kó má retí mọ́.

Ohun tí yóò dá a dúró ni ọ̀nà jíjìn. Ìkòyí-Ilé ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, àgbẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà màámi. Ọ̀kadà wa kì í gbé ẹnì kan ṣoṣo. Ó ń gbé àpò àgbàdo méjì, ìyá arúgbó kan, àti ewúrẹ́ bó bá di ọjọ́ ọjà. Ó ń wọ abúlé tí kò sí òpó iná kan ṣoṣo níbẹ̀. Ta ni yóò gbé ibùdó bátìrì lọ síbẹ̀, níbi tí ọ̀kadà márùn-ún péré ti ń kọjá lóòjọ́? Ẹni tó fẹ́ jèrè á lọ síbi tí ọ̀kadà pọ̀ sí, tí ìrìn wọn kúrú, tí iná sì wà nítòsí.

Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Láti Under-G sí ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́, láti Adénikẹ́ sí Tàkíé, kìlómítà mélòó ni? Akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ ló ń gun ọ̀kadà láàárọ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí NADDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ibùdó tó ń fi oòrùn gba iná sínú ọkọ̀ kalẹ̀ ní 2021, ọgbà Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Ṣókótó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí màámi fẹ́ gbé páàtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ gan-an ni ibi tí wọn yóò ti kọ́kọ́ ṣíwọ́ rírà á. Ìkòyí-Ilé tó ń wò bíi pé kò ní lọ síwájú mọ́ ni yóò gbẹ̀yìn. Mo sọ fún un. Kò fara mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀.

"Ìlú ni owó wà, Àjàní. Ta ló ń gba owó èlé kó fi jókòó sínú oko?"

Ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń gbọ́ wa láti abẹ́ igi dá sí i: "Ẹ jẹ́ kó dé ná, Ìyá. Ohunkóhun tó bá ti ní táyà, á bàjẹ́. Tó bá ti bàjẹ́, ọ̀dọ̀ wa náà ni."

Mo fara mọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ wọn. Á bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú rẹ̀ bá ti kọṣẹ́, tó sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló ní ohun tí wọ́n fi ń ṣí i, kí ni ọ̀gá fẹ́ fi sípánà ṣe? Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe, kó tó fọwọ́ síwèé fún ilé iṣẹ́ ọ̀kadà oníná kankan, ni kó fi í ṣe àdéhùn pé wọ́n á máa ta páàtì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà á, wọ́n á sì jẹ́ kí mẹkáníìkì rí àwòrán bí wáyà inú rẹ̀ ṣe lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ igi á di òǹwòran. Ẹ̀yin tó ti jáde, tẹ́ ẹ wà nílé ìjọba níbi kan tàbí òmíràn, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Ẹni tí mo gbà pé yóò jèrè láàárín wa ni rìwáyà. A ti pẹ́ tí a ti ń fojú kéré wọn ní ìdí mọ́tò, bíi pé iṣẹ́ iná wáyà kò tó iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Àbúrò mi ti gbà láti lọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rìwáyà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ìdánwò rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn púpọ̀ sí i. Jókòó-kó-o-tajà ló wù ú.

Màámi gba owó náà. Kò gbà tó iye tó fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, táyà, túùbù, ṣọ́ọ̀kì àti bíárìn nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ẹ́ńjìnnì á dúró sí Ìkòyí-Ilé. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ló ń lọ sí Gate lọ ra ọjà. Ó ní kí n bá òun bi ọmọ Kétu yẹn nọ́ńbà tó wà lára bíárìn táyà iwájú ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bóyá 6301 ni àbí 6202, torí òun ní méjèèjì nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ti fi fọ́tò ránṣẹ́, ṣùgbọ́n gíríìsì bo ojú nọ́ńbà náà. A ti ní kó nù ún, kó tún òmíràn yà.